Orúkọ tí Màmá fọwọ́ sí

Sátidé, Fairburn

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Lónìí ni wọ́n sọ ọmọkùnrin Káyọ̀dé, àbúrò mi, lórúkọ ní Norcross. Rua ni wọ́n pè é! Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ireland, ní èdè àwọn ni, pé ẹni tí irun rẹ̀ pupa ló túmọ̀ sí. Wọn kì í lò ó fún mọ́tò pupa, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò fún ìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin ni wọ́n ń lò ó fún.

Irun ọmọ náà sì rèé, ó dúdú bíi kóró iṣin!

Mo mọ̀ pé Màmá wa, tí wọ́n ń wò wá lórí fóònù láti Ìbàdàn, ò ní gbà láéláé.

Màmá kàn rẹ́rìn-ín. "Rua, ọkọ mi, káàbọ̀ o!" Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Màmá yìí kan náà! Nígbà tí mo fẹ́ sọ ọmọbìnrin mi ní Zoe, wọ́n ní orúkọ tí àwọn ò mọ̀ ò ní wọ ìdílé àwọn. Mo sunkún, mo sì sọ ọ́ ní Morẹ́nikẹ́.

Nínú mọ́tò, Morẹ́nikẹ́ ní, "Mummy, Rua yẹn cute gan-an, àbí?"

Kí ni kí n sọ fún un? Pé ọ̀rọ̀ Ireland kì í yí padà torí pé èèyàn jẹ́ obìnrin, àmọ́ pé ọ̀rọ̀ Grandma rẹ̀ ń yí padà?