Orúkọ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Màmá mi ní Ọ̀fà, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Minna. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún yín, kó má fo ibì kankan, títí kan ibi tí ojú ti ń tì mí.

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Mo ṣì ń dáná níbi tí ìjọba ń fi àwọn ọmọdé tí ẹjọ́ wọn wà ní kọ́ọ̀tù sí. Ẹni tó jalè wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n fìyà jẹ wà níbẹ̀, ìkòkò kan náà ni mo fi ń se tiwọn. Kaka ni wọ́n ń pè mí, bí Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Múínátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé kan ní Tunga. Àbúrò baálé ilé náà ń fipá bá a lò. Nígbà tó fẹjọ́ sun ìyá ilé, wọ́n ní ó jí òrùka wúrà, wọ́n fà á fún ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá kan láti ilé náà wá bá mi nídìí ààrò, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé kí n bá wọn fọwọ́ sí ìwé ìparí ẹjọ́ bí àgbà, kí ọmọ lè padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó gbé tàdáwà jáde kí n tẹ̀ka. Màmá, inú bí mi. Mo ní kó gbé e kúrò, pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ kíláàsì àwọn àgbà ní Tudun Wada. Ó ní èmi Màmá ti di tíṣà. Orí mi wú. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tiẹ̀ yọ báírò lápò mi: mo nu ọwọ́ sí ìró, mo kọ orúkọ mi pé pérépéré. Múínátù tó dúró tì wá rí i pé Kaka ti kọ tirẹ̀, òun náà tẹ̀ka.

Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà. Yorùbá nìkan ni mo lè kà, ojú sì tì mí láti sọ ọ́. Ọ̀gá wa obìnrin ló kà á fún mi lọ́jọ́ kejì: ọmọ gbà pé òun jalè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, yóò sì padà lọ sìn nínú ilé yẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo fọwọ́ wọ́ ọ.

Ọmọ náà bi mí lédè Hausa bóyá ohun tí mo kọ máa gbé òun dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. Ìdí ìkòkò ni mo ń họ lọ.

Àkọ́bí mi ní kí n dákẹ́, pé iṣẹ́ á bọ́, pé ará ilé wa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n mò ń lọ sí kọ́ọ̀tù ní Ọjọ́bọ̀. Bí adájọ́ bá bi mí bóyá ọwọ́ mi nìyẹn, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní kí n kà á, màá sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé mi ò lè kà á. Ẹ gbàdúrà kí ohùn mi má gbọ̀n.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ojú yín kò ní rí ibi. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Ìwé yìí, mo kà á tán kí n tó kọ orúkọ sí i.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́