Ọ̀pá Ọwọ́ Ọ̀tún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá mi jà níbí.

Dókítà eegun bíi tèmi kì í rìnrìn àjò kí ojú rẹ̀ sinmi. Lánàá, mo rí àwòrán èèyàn kan lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, eegun lásán, kò sẹ́ran, kò sáwọ. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di ọ̀pá mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ayàwòrán yìí mọṣẹ́, torí ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dunni la fi ń di ọ̀pá mú.

Àfi bí mo ṣe rántí fọ́tò Màmá tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún lọ̀pá wọn wà, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ní ó ń dun àwọn! Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn pé ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fi máa dì í mú. Ṣé wọ́n ti gbàgbé ni, àbí fóònù yín ló yí fọ́tò padà? Àbí ẹsẹ̀ òsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún wa? Orí mi dàrú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wo ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n bá ń dìde. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa. Bí wọ́n bá ní ta ló rán yín níṣẹ́ ìwòkuwò, ẹ ní eegun ara ògiri ni.

Àbúrò yín.