Ìpè Tó Ń Yà Sọ́dọ̀ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá

Màmá pè. Kì í ṣe èmi ló pè o, Bọ̀ọ̀dá ló pè. Èmi ni mo gbé e.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. "Àkọ́bí mi, ṣé dáadáa lo jí?" — Màmá, èmi ni. — "Háà. Àbígbẹ̀yìn. Ìwọ náà ńkọ́?"

Ìwọ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ "ìwọ náà" yẹn, etí mi ò tíì gbà á.

Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ òfin tó ń darí ìpè rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Bọ̀ọ̀dá ló ní ká kúrò lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń já ìpè sọnù, ká máa lo áàpù tí kò ní ọ̀gá láàárín: fóònù tèmi á bá fóònù tìẹ sọ̀rọ̀ tààrà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ọ̀kan bá sì ń sùn, òmíràn á gba ìpè fún un, bí aládùúgbò ṣe ń gba ẹrù fún ẹni tí kò sí nílé. Olúkúlùkù ló ń kọ òfin tí fóònù ara rẹ̀ á máa tẹ̀ lé. Bọ̀ọ̀dá ní kí n kọ tàwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ọwọ́ mi yá sí irú ẹ̀. Tirẹ̀ nìyí: *Bí Màmá bá pè, dún dáadáa. Bí mi ò bá gbé e, jẹ́ kó yà sọ́dọ̀ àbúrò mi.* Tèmi: *Ohunkóhun tó bá yà wá, gbà á.*

Ìpè tèmi ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ló máa yà sí? Mi ò kọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pè mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Iṣẹ́ òní: eyín àtọwọ́dá òkè lódindi, fún ọkùnrin kan. Kòsinmi na àwo tó fi tẹ àpẹẹrẹ ẹnu rẹ̀ sí mi látojú fèrèsé kékeré tó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi. (Dókítà eléyín tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni Kòsinmi. Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ.) Ó ní ọkùnrin tó ni eyín yìí kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ tàtijọ́. Pépà ló fi ń sọ ohun tó fẹ́. Kí obìnrin náà má bàa rí ihò. Kòsinmi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo yọ́ ìda, mo to eyín sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ni mò ń ṣe fún àwọn tí mi ò ní rí láéláé.

Mo dé ilé. Ẹni tó ń gbé lókè mi ń wọ́ àga. Ọ̀rọ̀ Kòsinmi yẹn nìkan ni wọ́n bá mi sọ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá tún pe Bọ̀ọ̀dá, ó tún bá mi. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ òdòdó tó gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Orúnkún ń dùn ún. Ó wá ní, bí ẹni ń ṣeré: "Ẹ̀rọ yín yìí mà ti já fáfá o. Tẹ́lẹ̀, á dún, á dún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ kó tó já sọ́dọ̀ ẹ. Ní báyìí, mi ò tíì gbé e dé etí tí ìwọ á ti máa sọ pé 'èmi ni'."

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo wo ọ̀nà tí àwọn ìpè gbà — áàpù yìí máa ń fi hàn. Tẹ́lẹ̀: ó dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, ó dún, ó yà. Látìgbà díẹ̀: ó dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, ó yà. Kò dún rárá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá Màmá padà.

Èèyàn ò lè rí òfin tó wà nínú fóònù ẹlòmíràn, àfi tí olúwa rẹ̀ bá fẹ́ kó hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ipa ejò nínú iyanrìn, kò dúró kí ejò jẹ́wọ́. Bọ̀ọ̀dá ti pa èyí tí mo kọ fún un rẹ́, ó ti kọ tirẹ̀.

Mo pè é. Kò dún fún èmi náà. Ohùn tó gbà sílẹ̀ ló dá mi lóhùn: "Ẹ kú ìpè o. Ẹ sọ tẹnu yín, màá gbọ́." Ohùn ńlá yẹn. Ohùn Bàbá wa gẹ́lẹ́ — gbogbo ẹbí ló mọ̀. Látìgbà tí Bàbá ti kú ni Màmá ti máa ń sọ pé bí Àkọ́bí òun bá ti la ẹnu, ó dà bíi pé ọkọ òun wọlé.

Mo pa á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Mo tún pè é. "Màá gbọ́." Irọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Inú ń bí mi débi pé mo da omi gbóná sọ́wọ́ ara mi.

Ta ni wọ́n ń bu ẹran ńlá fún? Ta ló ń jókòó níwájú mọ́tò? Ta ni Màmá ń pè kó tó pe orúkọ ẹlòmíì? Kó wá jẹ́ òun ló máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà, ó kẹ̀yìn sí wa ni.

Èmi náà kọ òfin: *Ìpè tó bá yà láti ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, má gbà á.* Kó padà sọ́dọ̀ ẹni tí Màmá pè. Bí Màmá ò bá rí ẹni gbé e, á bi í léèrè fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àdèlé ti sú mi.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Fóònù ò dún. Ṣùgbọ́n ó ń kọ àwọn tó dá padà sílẹ̀ fún mi: Màmá. Màmá. Màmá. Màmá.

Mi ò mọ̀ pé á tẹra mọ́ ọn tó báyìí.

Mo ń fi sáńpépà dán eyín kan níbi iṣẹ́, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Kòsinmi yọjú: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọkùnrin yẹn kó rí fi jẹun." Mo ti dán an dé gbòǹgbò. Mo máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èyí á gùn.

Fóònù dún láàárọ̀. Màmá. Kò yà láti ibì kankan — èmi gan-an ló pè. Inú mi kọ́kọ́ dùn bíi ti ọmọdé. Kò kí mi. Ó ní, "Kí ló ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi: ọmọ yín ò fẹ́ gbọ́ ìpè yín mọ́. Mo gbé e mì. Mo ní, Ẹ jẹ́ kí n wádìí, Màmá. Ó ní òun ti kó aṣọ sínú báàgì. Bí òun ò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí, òun á wọ mọ́tò lọ bá a lọ́la. Pẹ̀lú orúnkún yẹn! Ìrìn àjò òwúrọ̀ dalẹ́!

Mo pe ìyàwó Bọ̀ọ̀dá. Kò sí lórí áàpù wa, ìpè lásán ni. Ó gbé e. Mi ò kí i dáadáa. Mo ní, Ẹ fún ọkọ yín ní fóònù. Ó ní, "Àǹtí mi, kò lè sọ̀rọ̀." Mo ní èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, ibi iṣẹ́ ni mo wà, àmọ́ mò ń sọ ọ́.

Ló bá bú sẹ́kún.

Ohun tó sọ nìyí. Kókó kan yọ sí Bọ̀ọ̀dá lọ́fun. Ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀, ó ti ràn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ kókó, wọ́n sì yọ ibi tí ohùn ti ń jáde pẹ̀lú ẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá. Ó ń jẹ, ó ń rìn. Ohùn ti lọ. Kò ní padà wá. Ó mú ìyàwó rẹ̀ búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé: *Màmá ti sin Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ kó tún un sin.*

Ìyàwó ní nígbà míì, òun máa ń bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ kú ìpè o. Ẹ sọ tẹnu yín."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá ń yà gbogbo ẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ó ní ọ̀dọ̀ yín nìkan lọkàn òun balẹ̀ sí. Ó ní ẹ̀yin ò ní dá Màmá padà láé."

Mo jókòó sórí ilẹ̀, láàárín sìmẹ́ǹtì funfun tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ ẹnu, tí mo pò dà sílẹ̀. Kòsinmi wò mí látojú fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò rí nǹkan kan sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti pa òfin mi rẹ́ lánàá, kí n tó kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Mo rọ Màmá kó dúró dòní.

Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀: "Àbúrò mi, má bínú. Ó ti wù mí kí n sọ fún ẹ. Mi ò mọ ohùn tí màá fi sọ ọ́." Ọ̀rọ̀ kejì tẹ̀ lé e: "Bá mi sọ fún wọn."

Èmi kẹ̀. Àbígbẹ̀yìn tí wọn kì í rán níṣẹ́ tó ju omi lọ.

Mo pe Màmá. Mo rò ó fún un láìfi bò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí.

"Ṣé ó ń jẹun?"

Ó ń jẹun, Màmá.

"Ṣé ó ń rìn?"

Ó ń rìn.

"Ṣé ó ń gbọ́ràn?"

Etí ò ṣe nǹkan kan.

"Kí ló wá ń sá fún? Ṣebí èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀ rí?"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún gba ẹnu mi. Òun náà ń sunkún. Mo gbọ́ ọ, kò pariwo. Lẹ́yìn náà ó fọn imú. "Sọ fún un kó gbé fóònù mi. Kó máa kan tábìlì. Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo ṣe ń bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn tó bá ń ka ìwé ìròyìn."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìyàwó pè. Ó ní Bọ̀ọ̀dá jókòó ti fóònù láti òwúrọ̀ bí ẹni ń dúró de ìdájọ́. Nígbà tó dún, ó gbé e. Màmá sọ̀rọ̀ títí, ó kan tábìlì títí. Nígbà tí wọ́n parí, ó wọ yàrá lọ, ó sùn. Ìyàwó ní ó ti pẹ́ tóun ti rí oorun báyẹn lójú rẹ̀.

Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Kò sí ìpè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fọ aṣọ. Mo jẹun lórí ìdúró. Mo wo ọ̀nà tí àwọn ìpè gbà: kò sóhun tó yà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Nǹkan ti rí bó ṣe yẹ kó rí. Màmá ń pe ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń gbé e. Inú mi dùn. Mo ní inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbà pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tó ń ṣìnà wá bá mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní?

Lónìí mo gbé fóònù sétí láìpe ẹnikẹ́ni. Kí n lè mọ̀ ọ́n lára nìkan. Ẹni òkè ń wọ́ àga. Mo fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn kí n ní ṣé kò sí nǹkan. Mi ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹwàá

Kòsinmi ti lọ sílé. Mo dúró sẹ́yìn kí n parí eyín ìsàlẹ̀ obìnrin kan. Mo ń yọ́ ìda, ojú ọ̀nà dákẹ́, ló bá wù mí kí n gbọ́ ohùn Bàbá. Mo pe Bọ̀ọ̀dá. Mo mọ̀ pé kò ní dún fún mi, pé ohùn tó gbà sílẹ̀ ló máa dá mi lóhùn. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.

Kò dún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú fóònù: *Bọ̀ọ̀dá wà lórí ìpè pẹ̀lú Màmá.* Nísàlẹ̀ ẹ̀: *Òfin Bọ̀ọ̀dá: Ìgbàkúùgbà tí àbúrò mi bá pè, ibi yòówù kí n wà, ṣílẹ̀kùn fún un.*

Kò sọ fún mi pé òun kọ ọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Mo ti wà láàárín wọn. Màmá ń sọ ti ewúrẹ́, pé lọ́tẹ̀ yìí aṣọ tóun sá ló jẹ. Kó, ni tábìlì wí. Mi ò mí. Mi ò fẹ́ kó di pé mo já ọ̀rọ̀ wọn. Ó tẹ̀ síwájú, ó ti dé ibi tó ti lé ewúrẹ́ náà kiri ọgbà — mo sì ní láti mí.

Ó dúró láàárín ọ̀rọ̀.

"Èémí méjì ni mò ń gbọ́."

Mo di ọ̀bẹ ìda mú.

"Àkọ́bí, ṣé àbúrò ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Kó.

"Ẹ ò rí nǹkan. Èyí tí kò ní ohùn ń fọwọ́ kan tábìlì fún mi títí ọwọ́ ẹ̀ fẹ́ bó. Àbígbẹ̀yìn, ìwọ tó ní ohùn, kí lò ń dúró dè?"

Mo la ẹnu. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí obìnrin tó ni eyín tó wà níwájú mi, mo bọ́ sórí Kòsinmi, mo bọ́ sórí ẹni òkè àti àga rẹ̀, mò ń sọ, tábìlì ń dún, Màmá ń sọ pé "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ìda dì sórí ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Mi ò tún un yọ́.