Ìbéèrè Ẹ̀jẹ̀ tó Gbé Mi Dé Ofè

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Táyé ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Ẹ má bínú pé mi ò tíì kí yín tí mo fi ń bi yín. Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Bí mi ò bá kọ́kọ́ pọ̀ ọ́ jáde, ìkíni kò ní ráyè kọjá.

Ó dáa. Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa. Mo kí yín, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa lọ, tí ẹ di ìyá fún mi nígbà tí ẹ̀yin náà ṣì ń fẹ́ ìyá. Mo kí bàbá Táyé, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ará Pobè tó bá béèrè mi. Mo kí Táyé náà, torí mo mọ̀ pé òun ló ń ka ìwé yìí sí yín létí. Táyé, mo ń rí ọ o. Má fo ìlà kankan.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò fi pè yín. Bí a bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní ẹ̀ẹ́n, ẹ̀ẹ́n, títí yóò fi já, ẹ ó sì padà sídìí ọbẹ̀ yín. Ìwé ṣeé tún kà. Mo tún fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹ̀dà rẹ̀, nítorí èmi nìkan kọ́ ni mo ní ọmọ tó ti dàgbà tó ń kó ìpayà bá ìyá.

Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbóná. Àwọn òkè olókùúta wọ̀nyí á gba oòrùn mọ́ra lọ́sàn-án, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á máa fẹ́ ẹ sí wa lára bí ìkòkò tí a sọ̀ kalẹ̀ tí kò tíì gbàgbé iná. Iṣẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò yí padà: ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí, tí mo ń dá àwọn ọmọ tó pẹ́ dúró. Gbogbo wọn ni màlúù dí lọ́nà. Owó oṣù náà ń wọlé, ó ń jáde, ẹnu ọ̀nà ni a ti ń kí ara wa. Bí mo bá sì la ẹnu lọ́jà, wọ́n á ní ará Pobè ti dé, wọ́n á sín ohùn mi jẹ. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, èmi nìkan á máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nídìí ààrò, kí n lè gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ wá kan Àdùkẹ́ ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ yín náà. Ẹ mọ̀ pé Parakou ni ó ti ń kọ́ biyolojí, ẹ̀kọ́ nípa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Ó wá sílé pẹ̀lú ìdì ìwé ìdánrawò, ìbéèrè lórí ìbéèrè. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ìwé tí èmi kà kò kọjá kọ́lẹ́ẹ̀jì, àmọ́ ẹnu mi ṣì gbé Faransé dáadáa, ni mo bá ní kí ó jẹ́ kí n máa ka ìbéèrè fún un nírọ̀lẹ́, kí òun máa dáhùn.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà. Wọ́n ní bí a bá pa ìran ẹ̀wà tó jọ̀lọ̀ pọ̀ mọ́ ti èyí tó hunjọ, irú èwo ni yóò so. Mo bi í pé ta ni ojú ń pọ́n débi tí yóò fi gbin èyí tó hunjọ. Ó ní ìyẹn kò sí lára ìdáhùn. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ọkùnrin kan kò lè dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ọ̀dọ̀ ta ni ó ti jogún rẹ̀? Àdùkẹ́ ní ọ̀dọ̀ ìyá ni. Mo ní mo mọ̀, orí ìyá náà ni wọ́n á dì í lé. Bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí àga rẹ̀ rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ.

A kúrò lórí ẹbí, a bọ́ sínú omi. Ẹnì kan mú ẹja, ó sàmì sí wọn lára, ó dá wọn padà sínú adágún, ó tún lọ mú òmíràn, kí ó lè mọ iye tó wà nínú omi. Mo ní ó dájú pé ebi kò pa ẹni yẹn. Ewé kan tún wà tó ń di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́ lójú omi: ìgbà wo ni yóò bo ìdajì? Èmi ní kí wọ́n ti pe ará abúlé wá hú u nígbà tó ṣì jẹ́ ewé kan. Àdùkẹ́ ní rárá, ó ku ọ̀la kó bo gbogbo omi ni yóò tó bo ìdajì. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn bà mí lẹ́rù. Ẹni tó wo omi náà lánàá á ní àyè ṣì pọ̀.

Ìgbà náà ni mo ṣí ìwé kan ìbéèrè ẹ̀jẹ̀. Ó dá lórí àìsàn tó ń fọ́ ọmọ léegun, fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ní ẹni tó jẹ́ AS gbé àìsàn náà sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú ọ̀nà mẹ́rin tí ọmọ lè gbà wá, mélòó ni ti aláìsàn? Mo dúró de ìdáhùn. Àdùkẹ́ dìde, ó ní òun ń lọ mu omi, kò sì padà.

Ẹ mọ Ìdòwú, ọmọ Ofè tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, tó fẹ́ fẹ́ Àdùkẹ́. Gbogbo rẹ̀ bá já sí mi lọ́kàn. Àwọn méjèèjì ni ìbéèrè yìí ń bá wí! Ẹlòmíràn á bi ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi ọmọ? Ìdílé là ń wádìí, bẹ́ẹ̀ la bá a nílé wa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gun zẹmijan, alùpùpù akérò wa níbí, mo forí lé Ofè. Mo ní iṣu ni mo wá rà.

Àbúrò ìyá Ìdòwú ni mo bá nílé. Mo ń yẹ iṣu wò, mo ń yẹ ìdílé wò. Mo béèrè bóyá òtútù kì í dà wọ́n láàmú léegun níbí. Ó ní bàbá àgbà nìkan ló ń ráhùn eegun, ó sì nawọ́ sókè: bàbá náà wà lórí òrùlé, ó ń tún páànù kàn. Mo wá béèrè ìyá Ìdòwú. Ó ní ó ti lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ láti àárọ̀, ó lọ ra adìẹ.

Adìẹ! Bó ṣe ń sọ ọ́ ni adìẹ ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, ìyá àti ọmọ, àkùkọ wà lórí igi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé mi ni ó lọ. Bàbá Àdùkẹ́ nìkan ló sì wà nílé, ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn!

Kí n tó dé, ó ti tú gbogbo wa sílẹ̀. Ibi tí adìẹ wà nìkan ni obìnrin náà béèrè, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó. Ó ti sọ pé mò ń hanrun. Ó ti dé orí Àkànní àbúrò wa tó kú lọ́mọdé. Ìyá Ìdòwú kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wo iṣu orí mi, ó ní iṣu yìí dára o, òun mọ ọwọ́ tó kọ ebè rẹ̀. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ẹ̀rín ló gbà wá, títí tí mo fi sọ iṣu kalẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Àkànní máa ń wú, ṣé ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí òdòdó. Ohun tí mo rántí ò ju pé ẹ máa ń fi aṣọ gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀, ẹ ó sì ní kí èmi lọ ṣeré níta.

Àdùkẹ́ wọlé bá wa. Nígbà tó gbọ́ ìrìn àjò àwa ìyá méjèèjì, ó di ògiri mú kó má ṣubú. Ó ní òun àti Ìdòwú ti jọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí òun tó mú un wá kí wa. Òun jẹ́ AS, Ìdòwú jẹ́ AA tí kò gbé e rárá, kò sí ọmọ wọn tí yóò ṣàìsàn náà. Mo ní kí ló wá dé tó fi sá fún ìbéèrè mi? Ó ní Ìdòwú ló ń pe òun lórí fóònù. Ìyá Ìdòwú gbé adìẹ tó ti rà lọ́nà, ó ní òun á kúkú jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ìdána.

Ṣùgbọ́n S, àmì àìsàn náà, tó wà lára Àdùkẹ́ kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bàbá rẹ̀ wò mí, mo wò ó. Àwa méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn. Òun jẹ́ AA, ó sì ti ń fi yangàn káàkiri ilé. Èmi ni AS. Àdùkẹ́ ti padà lọ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó ní ó dára, a ń retí èsì. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó fi èédú ya àpótí ojú mẹ́rin sílẹ̀, ó ṣàlàyé fún mi bí ọmọ ṣe ń jogún ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ohun tó mú kí n kọ̀wé nìyí.

Ẹ gbọ́ ìdánrawò tiyín, ẹ̀gbọ́n mi. Obìnrin kan wà ní Pobè. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú lọ́mọdé. Bó bá jẹ́ àìsàn eegun yẹn ló pa á, a jẹ́ pé bàbá àti ìyá wọn ló gbé S, àwọn méjèèjì. Obìnrin náà le koko, kò ṣàìsàn rí, síbẹ̀ bí a bá yọ ọ̀nà kan ṣoṣo ti aláìsàn kúrò nínú mẹ́rin, nínú mẹ́ta tó kù, méjì ni ó fi ṣeé ṣe kí òun náà gbé e. Ó bí ọmọ kan, Táyé, ọmọ náà fẹ́ gbé ìyàwó, wọ́n ń mú ọjọ́. Ìbéèrè: kí ló yẹ kó ṣe kí wọ́n tó mú ọjọ́ náà?

Táyé, sinmi díẹ̀ níbí, kí ìyá rẹ ronú. Bí o bá jẹ́ AS, ìyẹn nìkan ò ní kí o má fẹ́ ẹnikẹ́ni. Mú ìyàwó rẹ dání, kí ẹ jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ewé kan ṣoṣo ló ṣì wà lójú omi.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bi yín nípa Àkànní rí, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ gbé e lé ẹsẹ̀. Ẹ̀bi kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú.

Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín gbé ọmọ Táyé, ọmọ tí egungun rẹ̀ le bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Kò ní sí aṣọ gbígbóná láàárín òru nílé yín mọ́. Bàbá Àdùkẹ́ AA kí yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ má yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ẹ tètè fèsì. Tí Táyé bá ní kò sí ìwé láti kọ ọ́ sí, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn èyí.

Èmi àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
ọmọ yín ní Ṣábẹ̀ẹ́.