Ilẹ̀kùn Tí O Fi Gíga Ara Rẹ Wọ̀n

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, ọkọ mi, Tẹ́lọ̀ mi. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹsẹ̀ rẹ kò kan máṣíìnì mọ́. Má rò pé ẹkún ni mo fẹ́ wá sun fún ọ lónìí o. Èyí tí mo sun lọ́dún kìíní tó wa. Ìròyìn ni mo mú wá: ọgbà adìyẹ rẹ ti parí.

Ó ti parí, mo ní kí o gbọ́. Èyí tí o bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí o ri òpó mẹ́rin rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí o gbé férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró, tí o wá ní ó rẹ̀ ọ́, o fẹ́ lọ sùn díẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, lọ́sàn-án. O ò jí mọ́. Bẹ́ẹ̀ o ti ṣèlérí fún mi.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ìlérí náà, torí mo mọ̀ ọ́, o lè ti gbàgbé. Inú kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ la ń sin adìyẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí nígbà yẹn. Láràárọ̀ tí mo bá fẹ́ kó ẹyin, àfi kí n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kí n na ọwọ́ wọlé títí dé èjìká, kí adìyẹ pupa yẹn sì máa fi ẹnu gún mi lọ́wọ́. Mo ráhùn títí. Lọ́jọ́ kan o gbé ife tíì rẹ kalẹ̀, o ní kí n fọkàn balẹ̀, o máa kọ́ ọgbà tí màá máa rìn wọ̀ lóòró gangan bí ọ̀gá. O ní mi ò tún ní bẹ̀rẹ̀ torí ẹyin mọ́ láyé mi.

Àmọ́ ìwọ tẹ́lọ̀ tó ń fi téèpù wọn gbogbo àdúgbò, tí kò ṣi ìbàdí ẹnikẹ́ni wọ̀n rí, ara rẹ lo fi ń wọn igi. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ lo fi wọn pákó tó wà ní kíṣìnì. Ẹsẹ̀ rẹ lo fi wọn àlàfo tó wà láàárín òpó. Nígbà tó kan ilẹ̀kùn, o fara ti férémù, o gbé ọwọ́ lé àtàrí, o fa ṣọ́ọ̀kì, o ní ó tán.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí èèyàn kúkúrú ni ọ́, ọkọ mi. Mo ti sọ ọ́, bínú bí o bá fẹ́. Ọgbọ̀n ọdún la fi jiyàn lé e lórí. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ mú mi délé, olóògbé ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin wò mí látòkè délẹ̀, ó ní obìnrin tó ga jù ọ́ lọ tó báyìí kò ní tẹríba fún ọ láé. O rẹ́rìn-ín, o ní ọgbọọgba ni wá. Ọgbọọgba! Èmi tí mo ń rí àárín orí rẹ kedere tí mo bá dúró tì ọ́. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa, orí àtẹ̀gùn lo dúró sí, ìsàlẹ̀ lèmi wà. Láti ìgbà náà, bí a bá jà tí mo bá kọ̀ tí mi ò gbà, wàá ní òótọ́ kúkú lẹ̀gbọ́n rẹ sọ, ọrùn mi kò mọ títẹ̀. Òótọ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún tí o lọ, mi ò lè wo òpó yẹn. Mo ń sá aṣọ lé e kí n má baà rí i. Wáyà tí o rà wà ní kíká nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹranko kan fa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ya, tó gbé méjì lọ nínú adìyẹ rẹ. Ìyẹ́ la bá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún adìyẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó. Àkọ́bí wa obìnrin dúró lé mi lórí, ó ní ká parí iṣẹ́ Bàbá tàbí ká ta èyí tó kù, torí ọ̀fọ̀ kì í ṣọ́ adìyẹ. Ọmọ rẹ ni lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí lọ.

Òun ló ń ṣe ṣọ́ọ̀bù rẹ báyìí, kí o mọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ kò lọ. Agbẹjọ́rò oníkùn ńlá yẹn ṣì ń wá, ó ṣì ń fa ikùn sínú tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n. Ọmọ rẹ á kàn rọra fi ìka méjì kún un bí o ṣe kọ́ ọ, ṣòkòtò náà á sì gba ọkùnrin náà dáadáa.

La bá ránṣẹ́ pe káfíńtà tó wà ní ìkángun òpópónà. Ọkùnrin náà mọṣẹ́. Ó ní wáyà tí o rà yẹn, adìyẹ ló lè dá dúró, kò lè dá ẹranko. Ó mú èyí tó nípọn tí ojú rẹ̀ wẹ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀ yí òpó ká, ó ri ẹsẹ̀ wáyà mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹranko tó bá ń walẹ̀ lè bá a pàdé níbẹ̀. Ó kan páànù sórí, ó dà á sẹ́yìn díẹ̀ torí òjò. Ó da èérún pákó sílẹ̀, ó gbé ọ̀pá gbọọrọ sókè tí wọn yóò máa wọ̀ sí. Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin tó wà lára máṣíìnì rẹ àtijọ́ la kàn mọ́ òpó pé kí wọ́n máa yé sí. Má bínú, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ló bá kan férémù. Káfíńtà fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó mi orí, ó ní ta ló gbé ilẹ̀kùn aràrá síbí. Ó ní kò sí bí Màmá tó ga báyìí ṣe máa gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní forí gbá, òun máa tú u, òun máa gbé e sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Àkọ́bí wa ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó ṣe. Èmi náà gbà, ṣebí orí mi ni. Ọkùnrin náà ti gbé hámà. Mo ní kó dúró kí n kó aṣọ tí mo sá síbẹ̀ kúrò. Ibi tí mo ti ń kó o ni mo ti rí i, lábẹ́ igi tó dábùú, níbi tí òjò kò dé: ìlà ṣọ́ọ̀kì búlúù rẹ, àti ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ tó máa ń dagun. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Gíga wa.

O ò kọ ọ́ pé, Gíga mi. Gíga wa lo kọ. Fún ọgbọ̀n ọdún mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lo ń bá mi ṣe, àṣé o gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Mo ní kí káfíńtà gbé hámà rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Mo ní ilẹ̀kùn náà kò kúrú, èmi ni mo ga jù. Àkọ́bí wa sún mọ́ ọn, ó ka ohun tó wà lára igi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe dúró títí dòní nìyẹn.

Adìyẹ rẹ ti pé mọ́kànlá báyìí. Èyí pupa ṣì wà, ó ti darúgbó, kò yé mọ́, síbẹ̀ òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Ẹranko yẹn tún padà wá. A rí ojú ibi tó walẹ̀ dé. Ó bá wáyà, ó mọ̀ pé òun ti kan ọ̀gá òun, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹyin kò wọ́n wa mọ́, à ń fún ará ilé kejì.

Ọdún mẹ́ta rèé, a ò gbàgbé rẹ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo forí gbá igi rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì bú ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọrùn mi ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo gbé agbọ̀n, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo tẹríba, mo wọlé. Bí o bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ níbẹ̀, sọ fún un pé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni. O ní mi ò ní bẹ̀rẹ̀ torí ẹyin mọ́, o sì mú ìlérí rẹ ṣẹ. Torí ẹyin kọ́ ni mo ṣe ń tẹríba.

Àárò rẹ ń sọ mí, Tẹ́lọ̀ mi. Mo fẹ́ràn rẹ lánàá, mo fẹ́ràn rẹ lónìí. Ohun kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ, má jẹ́ kó kó sí ọ lórí. Tí mo bá ti tẹríba lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, àtàrí mi máa ń bọ́ sójú ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. O jàre, ọkọ mi. Ọgbọọgba ni wá.