Résìn Tí N Kò Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Kàn Mọ́

Ọjọ́bọ̀, Rantya, Jos

Dókítà ní résìn, oje olóòórùn tó máa ń gan bíi gíláàsì, tí mò ń pò mọ́ àwọ̀, tí mo fi ń ṣe ara gègé ìkọ̀wé, ló ń mú ojú mi wú, tó sì ń bó mi lọ́wọ́.

"Tí mo bá wọ ìbọ̀wọ́ ńkọ́?"

"Haba, Alájì! Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó. Ẹ fi sílẹ̀ pátápátá."

Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀...

Nígbà tí mo délé, Ràfátù ìyàwó mi ti yọ ara gègé tí mo dà lánàá kúrò nínú mọ́òdù. Búlúù àti àwọ̀ wúrà lọ́ mọ́ra wọn bí èéfín. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí.

"Bàbá Kúdí, ẹ gbà á, ẹ wò ó!"

Mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mi ò tíì lè sọ fún un pé ìkẹyìn nìyẹn.