Ta Ló Ní Kí O Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Ìjọ?

El Zapotal,
ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀wà wà lórí iná.

Dunia ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fúyẹ́? Ọlọ́run tó dá ìlú San Pedro náà ló dá wa ní abúlé níbí, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún ooru ibẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ. Adìẹ funfun tí o fi sílẹ̀ ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, ìbaaka wa ń tiro díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń jẹun. A dúpẹ́. Ìkíni tán, ó wá ku ìjà.

Dunia, ta ló ní kí o kúrò nínú ìjọ? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá Ermelinda aládùúgbò wa gbé fóònù rẹ̀ dé, ó ní kí n wá wo nǹkan tí ojú òun rí. Ẹgbẹ́ tí Fadá Anselmo dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ sínú Wásáàpù ni, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé, “Dunia ti kúrò.” O ò dágbére, o ò ní kí wọ́n bá ọ kí ìyá rẹ. Ara mi gbóná. Mo fi oyún rẹ gun òkè lọ sí Mísà, wọ́n rì ọ́ bọmi, bíṣọ́ọ̀bù fòróró kàn ọ́ níwájú orí, ìka kan péré lo wá fi kúrò nínú gbogbo rẹ̀? Mo sunkún títí tortilla àgbàdo tí mo ń yan fi jóná, bàbá rẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

N kò lè mú un mọ́ra. Mo mú ìwé ìrìbọmi rẹ, mo fẹsẹ̀ rìn wákàtí méjì lọ bá Fadá. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kúrò nínú ìjọ, ṣebí ìyá rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè, pé kó tètè dá ọ padà, bó bá sì jẹ́ omi ló kù, mo ti gbé omi dání. Fadá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní o ò kúrò nínú ìjọ, inú ẹgbẹ́ orí fóònù lo ti kúrò, kò sì ya òun lẹ́nu. Ó ní ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kó ara wọn sínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yẹn, mẹ́rin péré ni kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ẹ̀yin mẹ́rin náà lẹ sì kúrò. Àwọn tó kù ń fi àwòrán òdòdó kí ara wọn káàárọ̀.

Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa kọ ọ́, kí ó lè dé ọwọ́ òun ṣáájú ìpàdé ọjọ́ Àìkú tí a ó ti sọ bí ẹ ṣe máa padà. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọ̀dọ́? Mo bá ọ kọ ọ́. Èmi ni mo bí ọ, kí ni n ò mọ̀? Níbi ọjọ́ orí, mo kọ mẹ́rìnlélógún. Níbi tí wọ́n ti ní ṣé o ti lọ́kọ, mo kọ pé kí wọ́n bá wa bẹ Ọlọ́run. Níbi í-meèlì, mo kọ pé ọkọ̀ tó ń kó kọfí ló máa ń mú un bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí kò jẹ́ kí o máa wá sí Mísà, mo kọ “ọ̀lẹ,” mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ni mo bá dé ibi tí wọ́n ti ní, “Ìgbà wo ni wọ́n béèrè èrò rẹ gbẹ̀yìn nínú ìjọ, kí sì ni ìdáhùn wọn?”

Dunia, mo ki bírò sẹ́nu. Mo rántí ìpàdé ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, tí o dìde, gìtá wà lẹ́yìn rẹ, o ní ẹ̀yin ọmọbìnrin fẹ́ kọrin ní àjọ̀dún Isidro Mímọ́, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ẹ yan orin fúnra yín. Bàbá Tiburcio, olórí ilé ìjọ wa, ní ẹnu ọmọdé kò tíì gbó tó ọ̀rọ̀ àjọ̀dún, kí o lọ to àga. O wojú mi. Èmi náà ní kí o lọ to àga. O ò gbé gìtá wá sí ilé ìjọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, kí ọdún tó yí po o ti wà ní San Pedro, èmi wá ń sọ káàkiri pé ìgboro ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi.

Mo pa “ọ̀lẹ” rẹ́ títí ìwé fi ya. Mo kọ ọ́ pé: “Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Wọ́n ní kó lọ to àga. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀.”

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n bú fóònù, wọ́n bú ijó, Bàbá Tiburcio ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin àti èmi la lé wọn lọ. A ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan ju àga lọ, a wá ń bú wọn pé wọn ò dúró.”  Bàbá Tiburcio ní bí mo bá mọ ọ̀dọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí n lọ kó wọn wá. Fadá bá kọ orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn ọ̀dọ́ El Zapotal. Mo ní mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ní kò sí fọ́ọ̀mù mìíràn tó dé ọwọ́ òun.

Lánàá ni Bàbá Tiburcio wá sílé wa. Kò jókòó, kò mu kọfí. Ìwé orin tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ kọ ló gbé fún mi, ó ní kí ọmọbìnrin yẹn wo èyí tí gìtá lè bá rìn nínú rẹ̀, kó sì sọ èyí tó bá fẹ́ pààrọ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe ká etí ìwé náà. Mo ti fi ọ̀rá wé e, òun àti lẹ́tà yìí ló jọ ń bọ̀.

Nítorí náà máa bọ̀ wálé fún àjọ̀dún, kí o sì wá àwọn mẹ́ta yòókù rí. Inú ṣì ń bí mi sí ọ, pé odidi ọdún mẹ́rin, o ò lè sọ fún mi pé mo ṣẹ̀ ọ́. Bí ìyá ẹni bá tẹ ẹni lẹ́sẹ̀, à á sọ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Dárí jì mí.

Fi owó lempira díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra fóònù kékeré, wọ́n ní aṣojú ọ̀dọ́ kò gbọdọ̀ wà láìní Wásáàpù, kí o sì ra okùn gìtá tuntun nínú tìrẹ. Bàtà bàbá rẹ náà ti lanu.

Isidro Mímọ́ tó ń ṣọ́ àgbẹ̀ á ṣọ́ ẹni tó ń ránṣọ. Abẹ́rẹ́ ò ní gún ọ lọ́wọ́. Níbi tí o bá ti dìde sọ̀rọ̀, ilé á gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eduviges,
aṣojú àwọn ọ̀dọ́.